Ọmọ Mi Fẹ́ Fi Mí Sí Òtẹ́ẹ̀lì

 

Ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó bí àkọ́bí rẹ̀. Físà ìyá ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ọṣẹ dúdú àti òrí ti wọ inú àpótí. Àfi bí ọmọ ṣe sọ lórí tẹlifóònù pé, fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, yàrá òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá téṣàn reluwé Paddington ni òun gbà fún ìyá òun. Ni inú bá bí ìyá. Ó kọ ọ́ pé: "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n fún ọdún méjì, èmi ni ó wá fẹ́ fi sí òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tí kò ní ará. Kí ni n ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní àsàlátù?" Ó bi mí bóyá kí òun dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà.

Ìyá mi, ẹ má dá a padà. Mo mọ ohun tí ń bí yín nínú. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí a bá ti dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ohun tí ń sọ sí wa lọ́kàn ni ọtí, ìlù, àti àwọn ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ìyàwó wọn mọ ibi tí wọ́n wà. Kò sí ìyá ọlọ́jọ́ orí tí yóò fẹ́ kí a rí òun lẹ́nu ọ̀nà irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì àárín méjì lẹ́bàá téṣàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tí ń sùn níbẹ̀ ni oníṣòwò tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òwúrọ̀, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ wọn, àgbàlagbà tí ó wá wo aláìsàn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹlòmíràn ti ń hanrun.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àna yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé yàrá kan àti pálọ̀ kékeré ni wọ́n ń gbé. Níbo ni ẹ ó ti máa tú gèlè? Níbo ni ọkọ ọmọ yín yóò gbà lọ sí ilé ìwẹ̀ lóru láìtẹ̀ yín mọ́lẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà yóò lè sùn, bí ẹ bá ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri? Ọmọ tí ó ro gbogbo èyí, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ gba yàrá fún ìyá rẹ̀, ìtìjú yín ni ó ń bò.

Ìdí tí ó fi mú Paddington náà hàn gbangba. Ọkọ̀ ojú irin láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow ń já síbẹ̀ tààrà. Èyí tí ó yá jù ń lo ìṣẹ́jú 15. Èyí tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ń lo bí ìlàjì wákàtí, owó rẹ̀ sì dín. Ọsibítù St. Mary's tí ẹ sọ pé ọmọ yín ti ń gba ìtọ́jú wà ní Praed Street, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé ibẹ̀ láti téṣàn. (Ọsibítù yẹn náà ni Alexander Fleming ti rí pẹnisílìnì ní 1928.) Bí ìrọbí bá mú un lóru, ẹ ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹni tí ń gbé òdìkejì ìlú tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí òtẹ́ẹ̀lì ti ń bá téṣàn rìn. Téṣàn Paddington tí a ń wò lónìí, 1854 ni wọ́n ṣí i, ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn olówó ni ó ń wọ ìyẹn. Àwọn tí àpò wọn mọ níwọ̀n ń lọ sí àwọn ilé gíga tóóró ní Sussex Gardens àti Norfolk Square, ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé látijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di òtẹ́ẹ̀lì. Irú wọn ni ọmọ yín gbà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ọmọ adúláwọ̀ fi rí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó wà nídìí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, padà wá sí ilẹ̀ Adúláwọ̀ láti wá owó, kí àwọn ọmọ wa lè ní ibi orí wọn yóò sùn sí, nítorí àwọn onílé a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 1933 ni wọ́n tó rí ilé náà ṣí ní Camden. Ní 1943, Learie Constantine, ọmọ Trinidad, ògbóǹtarìgì nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, dé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Russell Square pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí ó sun ẹyọ kan kí ó máa lọ. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1944. Ní 1965 ni òfin tó dé pé òtẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí àwọ̀ ara. Nítorí náà, bí ẹ bá dé iwájú káńtà wọn, ẹ gbé orí yín sókè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú àwọn ìyá mìíràn ti rí ní irú ibẹ̀, nítorí lẹ́tà wọn pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ni ó kọ́kọ́ ń dà wọ́n láàmú. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó fi alẹ́ kúrò ní Èkó ń dé ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni òtẹ́ẹ̀lì ń fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá kan láti Ìlọrin jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà wọn láti aago méje, ní oṣù December. Ní oṣù yẹn, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Àyílà bá a lórí àga, Àlàásárì bá a níbẹ̀, ojú sì ń tì í láti béèrè ibi tí yóò ti kírun. Nígbà tí ó tó béèrè, ọmọbìnrin tí ó wà ní káńtà ṣí yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ẹrù àlejò sí, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ó fi sálámà. Ẹ béèrè, ẹ̀yin ìyá. Ẹ lè fi àpótí yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú, kí ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín.

Wọ́n á béèrè káàdì báńkì, wọ́n á sì di owó díẹ̀ mú lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi lọ. Kí káàdì ọmọ yín wà nítòsí. Wọn kì í ṣe olè.

Omi ni ó le jù. Ilé ìyàgbẹ́ wọn, bébà ni ó wà níbẹ̀, kò sí omi. Kí bùtà oníke yín wà nínú àpò tí ẹ ó gbé lọ́wọ́, kì í ṣe nínú àpótí ńlá tí ọkọ̀ lè gbàgbé. Nínú yàrá, ẹ ó rí kẹ́tùlù iná kékeré pẹ̀lú ife méjì. Tíì ni wọ́n fi ń sè. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́hun, ẹ má sọ ọ́ di bùtà. Ẹnìkan yóò mu tíì nínú rẹ̀ lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe àlùwàlá, ẹ tẹ́ tówẹ̀lì kan sílẹ̀ kí omi má baà ṣàn lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gábàsì náà nìyí. Nílé, ibi tí oòrùn ti ń yọ, ní yíyà sí apá àríwá díẹ̀, ni a ń kọjú sí. Láti Lọ́ńdọ̀nù, Mẹ́kà wà láàárín ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ẹni tí ó bá kírun bí ti ilé ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Kí ọmọ yín fi fóònù rẹ̀ wo ọ̀nà náà fún yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi àga sàmì sí i. Bí ó sì ti jẹ́ pé ẹ ó lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, nínú ìlànà Ìmáàmù Màlíkì tí púpọ̀ wa ń tẹ̀lé, kíkún ni ẹ ó máa kírun níbẹ̀, ẹ kò ní gé e kúrú.

Oúnjẹ àárọ̀ wọn, ẹ ṣọ́ra. Ẹyin, ẹ̀wà inú agolo, tòmátì àti búrẹ́dì kò burú, ṣùgbọ́n ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ pupa yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Sọ́séèjì, ẹlẹ́dẹ̀ ni ó sábà jẹ́. Èyí tí ó dúdú, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹyin díndín lè ti bá ẹran náà pàdé nínú páànù kan, nítorí náà ẹyin sísè ni kí ẹ béèrè. Ní alẹ́, Edgware Road kò jìnnà. Àwọn Lárúbáwá ni ó ni púpọ̀ nínú ilé oúnjẹ ibẹ̀, ẹran hálálì ni wọ́n sì ń tà. Mọ́ṣáláṣí ńlá Regent's Park, tí wọ́n kọ́ parí ní 1977, tí òrùlé rẹ̀ ń dán bí wúrà, wà ní agbègbè kan náà, ó sì ní àyè àwọn obìnrin.

Ẹ má ṣe dáná nínú yàrá. Arábìnrin kan tí ó gbé sítóòfù kékeré láti ilé (púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa náà ni wọ́n ń lò) ní kí òun yá ẹja gbígbẹ díẹ̀. Èéfín gòkè, aago iná hó, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tú síta ní aago mọ́kànlá òru nínú òtútù pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Òun nìkan ni ó mọ ohun tí ń jóná. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kọ̀wé sí mi.

Àwọn tí ń tún yàrá ṣe ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn, ọkùnrin sì wà nínú wọn. Wọ́n á kànkùn, wọ́n á sì wọlé. Páálí kan wà tí ẹ ó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n má wọlé. Ẹ fi kọ́ ọ kí ẹ tó ṣí orí. Bí ọmọ yín ọkùnrin kan bá tẹ̀lé yín, bẹ́ẹ̀dì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe ńlá kan, nítorí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ní kí a ya ibùsùn àwọn ọmọ láti ọdún 10.

Nítorí náà, ìyá Ìjẹ̀bú, ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà, ṣùgbọ́n kí ó tún bá òtẹ́ẹ̀lì náà sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tóóró wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè, ẹ sì kọ ọ́ sí mi pé eékún ń dùn yín. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ó béèrè, kí ó sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ ilé ìdáná ni a ó dá lóhùn.