Ẹ̀yin Oníṣẹ́ Ọnà Ọ̀jọ́, Ẹ̀yin Ni A Ń Bá Wí

Àwọn kan ń sọ káàkiri pé ọjà Alábá ní Ọ̀jọ́ kò ju ààtàn Òyìnbó lọ, àti pé bí ìjọba bá ti lè dí ọ̀nà mọ́ ẹrù tòkúnbọ̀, ara yóò tu gbogbo wa. Òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ wọn, irọ́ sì ń bẹ níbẹ̀.

Ìwádìí tí a ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹrù iná mànàmáná àlòkù tí ń wọlé lọ́dún tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù. Ó kéré tán, 19 nínú 100 kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú ọkọ̀ àlòkù ni a kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí. Lẹ́yìn májèlé tí a kó láti Ítálì wá sí Koko ní ọdún 1988, ìjọba ṣe òfin. Ní ọdún 2011 a tún ṣe òmíràn lórí ẹrù iná. Òfin wà nílẹ̀, ẹrù ń wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ Alábá tí wọ́n jókòó ti irin gbígbóná, tí wọ́n ń fi ẹ̀yà òkú rédíò mẹ́ta jí ẹyọ kan dìde. Iṣẹ́ baba wa ni. Bí ọkọ́ bá kán, alágbẹ̀dẹ a fi í rọ ọ̀bẹ. Nígbà tí agolo dé, tíńkà sọ ọ́ di àtùpà. Ta ni yóò wá kọ́ wa ní àtúnlò?

Ibi tí ọgbọ́n náà parí sí ni ó ń dùn wá. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, ọmọlanke ni a ń gbé e lé. A ó dáná sun okùn iná kí bàbà lè jáde, ọmọdé yóò sì máa fa èéfín náà símú. Òjé tí ó wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń wọ inú ilẹ̀ tí a ti ń fa omi.

Ẹ̀yin tí ń ya àwòrán àga, àtùpà àti àpótí rédíò kí a tó ṣe wọ́n, èé ṣe tí ẹ fi ń wo àwòrán òkèèrè ṣe ohun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, tí atúnṣe kò lè ṣí láìfọ́ ọ? Ẹ lo ìṣó tí a ń yí wọlé, tí a sì lè yí jáde. Bàbà tí a fi ọ̀bẹ bó nìkan ni kí ẹ máa rà. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá ju ti èyí tí a sun lọ dáadáa, iná yóò kú fúnra rẹ̀.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Mélòó nínú àwọn tí ó gba oyè níbẹ̀ ni ó ti jókòó ti atúnṣe Alábá rí? Ìbà àti Òkokomáíkò kò ṣàìní jórinjórin àti káfíńtà. Bí wọ́n bá fi irin fìríìjì àtijọ́ kan àga ilé-ìwé, àwọn òbí yóò ha kọ̀ ọ́? Wọn yóò kọ̀ ọ́, bí ó bá burẹ́wà. Iṣẹ́ yín nìyẹn, kì í ṣe ti jórinjórin.

Kí ẹni tí ó bá ṣe tán mú iṣẹ́ kan wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ ní oṣù tí ń bọ̀, kí ó sì mú ohun tí a fi ń tú u lọ́wọ́. A ó tú u níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn.