Ẹja Wo Ni Ó Yẹ Inú Gíláàsì?

Àwọn ọmọ wa fi ọmọ àrọ̀ sínú àpótí gíláàsì tí a rọ omi òkun láti Forcados sí. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Omi tí kò níyọ̀ ni àrọ̀ ń gbé, ó sì lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Kí ẹ tó mú ẹja, ẹ bèèrè omi tí ó ti wá àti bí yóò ti tóbi tó.

Ẹja kékeré tí ń fò lórí ẹrẹ̀ lọ́nà Forcados yẹ: omi oníyọ̀ bá a lára mu, kì í sábà ju íǹṣì 6 lọ. Ẹ fi yanrìn ṣe òkè fún un, kí ó lè jáde mí. Ẹyọ kan tó. Méjì á jà. Bí omi bá fà, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi kún un, nítorí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ: ẹlẹ́mìí ni ẹja.