Ìparí Àjò: Ọjà Guangzhou àti Ẹrù Ẹlòmíràn

Àwọn kan nínú yín ti bèèrè ìdí tí a kò fi rí ọ̀rọ̀ kọ sí abẹ́ àkọlé wa yìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá. Ìdáhùn mi ni pé àjò ni mo lọ. Àwa mẹ́fà tí a jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà nígbà èwe wa ni a kó owó jọ fún ọdún méjì, tí a sì gbéra lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. N kò ní lè ròyìn gbogbo ohun tí a rí, nítorí àyè kò gbà á. Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ní ìparí àjò, nígbà tí owó ti ń tán, tí ẹsẹ̀ ń dunni, tí ọkàn sì ti kọjú sí ilé, ni ìwà olúkúlùkù máa ń hàn gbangba.

Ní Beijing, a gun Odi Ńlá ní Mutianyu títí orúnkún wa fi ń gbọ̀n. Ní Xi'an, a rí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun alámọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ṣalábàápàdé ní ọdún 1974 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga. Lẹ́yìn èyí ni a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Guangzhou ní gúúsù, létí odò Zhujiang, níbi tí a ti fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin tí ó kù ra ohun tí a ó mú lọ sílé. Ìlú yìí ni àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Canton. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń pàtẹ ọjà ńlá kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí àwọn oníṣòwò gbogbo ayé ń wọ́ lọ síbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni àdúgbò Xiaobei wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí fìdí kalẹ̀ sí ní òpin àwọn ọdún 1990. Wọ́n ti pọ̀ ju báyìí lọ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n a kò tíì rìn jìnnà níbẹ̀ tí a fi gbọ́ tí ẹnìkan kí wa ní èdè Yorùbá pé, "Ẹ kú àjò o!" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ta ni nínú wa tí kò tíì ná ọjà ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ìtòkú rí? A rò pé a mọ ọjà ná. Ṣùgbọ́n ní òpópónà Yide, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé àti ẹja gbígbẹ ní òjìji ilé ìsìn olókùúta ńlá tí wọ́n kọ́ láti ọdún 1863 sí 1888, a di ọmọ ilé-ìwé padà. Ọlọ́jà kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Ọlọ́jà a tẹ iye tirẹ̀, a sì nawọ́ rẹ̀ sí ọ. Ìwọ a pa á rẹ́, o ó tẹ tìrẹ. Òun a fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Bí o bá sì ti yí ẹ̀yìn padà, a pè ọ́ padà. Nígbà mìíràn ìka ni wọ́n fi ń sọ iye, nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka ení dé ẹ̀wá. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín tí a nà jáde kì í ṣe méjì, ẹẹ́fà ni. Ọ̀rẹ́ wa kan san owó àṣìṣe kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa, tí ó ti ṣe tísà fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, lọ ra tíì. Ó rí iye tí a kọ sára pákó, ó sì rò pé iye kílò kan ni. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, owó náà di ìlọ́po méjì. Tísà binú, ó ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ nítorí pé òun jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kò jẹ̀bi. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú ọjà wọn ni jin, tí í ṣe ìdajì kílò, iye jin kan ni wọ́n sì kọ. Nígbà tí a ṣe àlàyé fún un, tísà padà lọ, ó tẹríba díẹ̀, ó sì san gbogbo owó náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

A kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú. Bí a bá fi péálì méjì ra ara wọn, ti òótọ́ a máa ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà láàárín wọn, ayédèrú a sì máa yọ̀ bí gíláàsì. Bí a bá jó fọ́nrán òwú ṣẹ́dà gidi kan, òórùn irun tí ó jóná ni yóò máa run. Ní ti owó sísan, kódà ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí ó jókòó sórí àpótí gbé àmì dúdú àti funfun kọ́ síwájú rẹ̀, kí oníbàárà lè fi fóònù sanwó.

Ọ̀rẹ́ wa tí í ṣe nọ́ọ̀sì ra aago ògiri kan tí ó dára, ó ní òun fẹ́ fi ta ọmọbìnrin tí ó ń fọ̀nà hàn wá lọ́rẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkan tí ó tètè kìlọ̀ fún un. Nínú èdè Ṣáínà, fífún ènìyàn ní aago dún bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún dídúró ti ẹni tí ń kú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọn kò fẹ́ràn ẹẹ́rin, nítorí ó dún bí ikú. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rán wọn létí àrokò àwọn baba wa. Ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà bá ara wọn dún. Kí ni a ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sí? Aṣọ ìbọrùn ni ọmọbìnrin náà gbà lọ́wọ́ wa níkẹyìn, inú rẹ̀ sì dùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó mú wa rìn ní Xiaobei fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó bá wa ná ọjà, ó bá wa gbé ẹrù, ó sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ó ti fi ojú kan ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a ó gbéra, bí a ti ń wọn àpótí wa ní ilé ìtura, tí olúkúlùkù ń yọ bàtà kúrò nínú èyí láti fi sínú ìyẹn kí ó má bàa ju kílò 23 lọ, ni ọ̀rẹ́ wa tí ń ta aṣọ ní Ìbàdàn gbé ẹrù kan jáde. A ti rán ẹnu rẹ̀ pa yíká. Ó ní ọmọ náà ni ó fi rán òun sí ìyá rẹ̀, òun sì ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé èmi yóò gbé e, nítorí àpótí tèmi ni ó fúyẹ́ jù.

Mo bi í léèrè pé, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Ṣé a ó wá máa tú ẹrù ọmọ tí ó ṣe wá lóore bí ẹni ń wá olè ni?"

Yàrá dákẹ́. Tísà ní kí a dá a padà lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìwà àìmoore ni yóò jẹ́. Àwọn méjì tí ó kù ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó nira. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Ṣáínà kò fi ọ̀ràn oògùn olóró ṣeré rárá. Ẹni tí a bá ká 50 gíráàmù heroin mọ́ lọ́wọ́ pé ó ń gbé e kiri lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Mo wá ro ti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi. Mo sọ pé n kò ní dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì ní gbé e bí ó ti wà. Mo ní kí a pe ọmọ náà.

Ó dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí wa. Nígbà tí mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún un, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe yín ní ibi?" Mo dá a lóhùn pé, "Rárá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí mo gbé, mo fẹ́ lè dáhùn láìpurọ́." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tọrọ abẹ́, ó sì tú ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Bàtà rírọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀, àti aṣọ lẹ́ẹ̀sì, àti agbòòrùn, àti àwòrán òun fúnra rẹ̀ nínú férémù. Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni ìgò kékeré kan wà tí ìyẹ̀fun kún inú rẹ̀, tí kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ó ní oògùn ẹsẹ̀ dídùn ni, pé ìyá òun kò lè rìn dáadáa mọ́, ọ̀rẹ́ kan ni ó sì bá òun rà á. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní orúkọ oògùn náà. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ìgò náà pẹ́, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èyí tí ó kù ni a dì padà níṣojú rẹ̀, tí a sì kọ ohun gbogbo sínú ìwé, tí òun àti èmi jọ fọwọ́ sí i.

Títí di òní, n kò mọ̀ ju pé oògùn ẹsẹ̀ ni. Bóyá ohun rere ni a kọ̀ fún ìyá yẹn. Síbẹ̀, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe.

Kí a tó sùn, mo ṣí ìwé ìṣirò owó àjọ wa síwájú gbogbo wọn, nítorí èmi ni akápò. Tísà ka ohun tí a ná sókè ketekete, olúkúlùkù sì gbà pé ó tọ́. Ó ku owó díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa aláṣọ, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti ní kí a tú ẹrù, ni ó kọ́kọ́ dáhùn pé kí a má ṣe pín in, kí a fi tọ́jú ẹsẹ̀ ìyá ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó jiyàn.

Nígbà tí a dé Abẹ́òkúta, ìyá arúgbó náà kò wo lẹ́ẹ̀sì, kò sì wo bàtà. Àwòrán ni ó gbé lé orí ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" A ní ó ń jẹun. A sọ ti oògùn náà fún un láìfi ohunkóhun pamọ́, ó sì ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ọmọ mi sínú ẹjọ́." Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, owó àjọ wa sì san ohun tí a kọ fún un.

Ẹ̀yin tí ń múra àjò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ yan akápò kan, kí ẹ sì gbọ́ ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó túká. Ẹ bèèrè ìwọ̀n ọjà kí ẹ tó ná an. Ẹ má ṣe bínú sí ọlọ́jà kí ẹ tó mọ àṣà rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbé ẹrù tí ẹ kò rí inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ti ìbátan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ẹrù ránni, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí a tó bèèrè, kí ojú má bàa ti ẹni tí ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́.

Ó dìgbà kan ná. Kí ilé ó tù wá lára.