Àtẹ̀jáde Ìpàdé Gbogbogbò Àwọn Òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìpínkiri Ìwé Ìròyìn

Àwa òṣìṣẹ́ tó ń pín ìwé ìròyìn kiri ṣe ìpàdé gbogbogbò pàjáwìrì ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Àwọn awakọ̀ òru wá, àwọn tó ń di ẹrù wá, àwọn obìnrin tó ń ka ìwé tí wọ́n sì ń so ó ní ìdì-ìdì wá, àwọn akọ̀wé tó ń ṣírò owó tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn fẹ́ńdọ̀ náà wá. Aṣojú wá láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a fi ìpàdé sí, kí àwọn tó gbé ìwé ọjọ́ náà lọ sọ́nà jíjìn lè ti padà dé. Kò sí ìlú kankan tí ìwé pẹ́ dé lọ́jọ́ náà nítorí ìpàdé wa.

Ìwé ìpè ìpàdé ti wà lójú pátákó ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Iye ọmọ ẹgbẹ́ tí òfin ẹgbẹ́ wa ní kó pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu pé, ó sì lé. A na ọwọ́ sókè lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àtẹ̀jáde yìí, ẹnikẹ́ni kò sì na ọwọ́ lòdì sí èyíkéyìí nínú wọn. Ohùn gbogbo wa ni èyí.

Ohun tí a torí rẹ̀ pé jọ ni ìwé ìdádúró tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ tí à ń bá ṣiṣẹ́ fi lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́, àti iṣẹ́ gbígbé ìwé kiri tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n sì pín fún àwọn agbaṣẹ́ṣe.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ yẹ kó wà lákọsílẹ̀. Ní nǹkan bí aago kan òru, nígbà tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ láti ojú ẹ̀rọ, tí yíǹkì rẹ̀ ṣì ń ràn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa tó ti ń gbé ìwé lọ sí ọ̀nà Ìlọrin láti ọdún 2006 wọ ọgbà wá láti di ẹrù. Lẹ́tà ni wọ́n nà sí i. Wọ́n ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gba ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́?” Awakọ̀ wa sì sọ fún un. Ó ní tó bá dé Ọ̀yọ́, Òwódé ni kó ti já ìdì sílẹ̀. Ó ní ìyá tó ń gbà á ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kó kàn. Ó ní kó má gba owó ìwé àná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ka ìwé tí kò tà lójú ẹni náà. Ó dúró títí wọ́n fi di ẹrù tán kó tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé. Ìwé ọjọ́ náà dé Ìlọrin, ìpàdé yìí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ wa.

A bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn ní ìwé ìdádúró lóru, lẹ́nu iṣẹ́, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà náà sọ pé gbígbé ìwé kiri kì í ṣe ojúlówó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, àti pé kò nílò ìmọ̀ kan pàtó. Ìpàdé yìí kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni ẹnì kan ti ní láti gbé ìwé kúrò níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á. Ìwé tó bá dé Òṣogbo lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti wọlé iṣẹ́ kò ní oníbàárà mọ́. Oníbọ̀ọ̀lì àti alákàrà ni yóò rà á láti fi di ọjà. Iṣẹ́ oníròyìn tó lọ wá ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ olótùú tó tún un ṣe, iṣẹ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ kí ọkọ̀ wa dé lásìkò.

Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe kedere. Agbanisíṣẹ́ tí yóò bá dín òṣìṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kó sì sọ bí ìdínkù náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí a bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́ oníkálukú, bó ṣe lè ṣe é sí àti bó ṣe ṣeé gbára lé tó. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sa ipá rẹ̀ láti bá òṣìṣẹ́ dúnàádúrà lórí owó tí yóò san fún àwọn tó ń lọ. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ kò rí lẹ́tà kankan gbà, ẹnikẹ́ni kò pe alága, ẹnikẹ́ni kò pe akọ̀wé. Àwọn tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni abala 11 òfin kan náà fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kò rí ìkìlọ̀, wọn kò sì rí owó oṣù kan dípò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí mọ̀ pé nǹkan le fún ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Oku-Iboku, tí wọ́n ṣí ní 1986, ti dákẹ́ tipẹ́. Òkè òkun ni bébà ti ń wá, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, bébà gbówó lórí. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí à ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà sì di nǹkan bí 500 kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ti ń ka ìròyìn lórí fóònù. Gbogbo èyí lójú wa náà rí. Àwa náà ni à ń ra gaàrí lọ́jà tí àwọn aláṣẹ ti ń rà á, owó iṣẹ́ òru wa kò sì kúrò níbi tó wà ṣáájú 2023.

Ṣùgbọ́n gbígbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kò sọ epo di ọ̀pọ̀. Epo tí ọkọ̀ wa ń mu láti Èkó dé Àkúrẹ́ ni ọkọ̀ tirẹ̀ náà yóò mu, taya tí kòtò bá bẹ́ ni òun náà yóò rà, òun náà sì gbọ́dọ̀ jèrè. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí owó ti lè dín kù ni ara ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n sọ di 70,000 náírà ní 2024, kò dé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé iye iṣẹ́ tó bá ṣe ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá 10 kún un, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni ó di dandan fún. Àwọn aláṣẹ wá pín ẹ̀ka wa sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mélòó kan. Oníkálukú kó ènìyàn tí kò pọ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń sanwó lórí ìdì ìwé kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ẹni tó ń gbé ìwé kan náà, lọ́nà kan náà, ní òru kan náà, ṣe bọ́ lábẹ́ òfin méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí òfin padà. Bó bá darúgbó, kò ní owó ìfẹ̀yìntì.

A bu ẹnu àtẹ́ lu ètò yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é.

Àwọn aláṣẹ ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà kan wà lórí tábìlì alága nígbà ìpàdé, a sì kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan níbẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ kò ní wọ ẹgbẹ́ kankan. Abala 9 Òfin Iṣẹ́ kò fàyè gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí ohun tó tọ́ sí wọn má baà bọ́, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn kẹtàdínláàdọ́rùn-ún àti ìkejìdínlọ́gọ́rùn-ún ti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí láti 1960. Ìlà mìíràn sọ pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ ni yóò tọ́jú ara rẹ̀. Òru ni à ń wakọ̀, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì ni ọ̀nà wa. Òfin tó wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san sí àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí òṣìṣẹ́ tó fara pa má baà fi owó ara rẹ̀ ra oògùn.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i nítorí owó ilé ìwé ọmọ, kó wá rí akọ̀wé. A kò ní lé e.

A kò bá àwọn ọ̀dọ́ tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́ jà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. A pè wọ́n kí wọ́n wá wọ ẹgbẹ́, a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n má di ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ kan ọkọ̀ tí wọ́n ń wà.

Ìpàdé gbọ́ ohùn àwọn fẹ́ńdọ̀ pẹ̀lú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í gba ìwé tí kò tà padà, bẹ́ẹ̀ dídá ìwé tí kò tà padà ni fẹ́ńdọ̀ fi ń bọ́ nínú gbèsè. Obìnrin kan tó ń tàwé ní Mọ́kọ́lá kó ìwé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbà wá síwájú aṣojú wa ní Ìbàdàn, wọ́n ṣì wà nínú okùn tí wọ́n fi so wọ́n. A fọwọ́ sí i pé kí ọ̀ràn tiwọn wọ inú ohun tí a ó bá àwọn aláṣẹ sọ.

Nítorí náà, a fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn aláṣẹ gba gbogbo ìwé ìdádúró náà padà, kí oníkálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìpàdánù ọjọ́ kankan nínú owó oṣù. Kí wọ́n dá iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe dúró títí a ó fi jókòó. Kí wọ́n sì fi ìwé ìṣirò ẹ̀ka wa sórí tábìlì, kí àwa náà rí àdánù tí wọ́n ní àwọn ń jẹ.

A ní ohun tí a ó bá lọ. Àwọn awakọ̀ wa ti kọ àbá sílẹ̀: kí ọkọ̀ Abẹ́òkúta àti ti Ṣàgámù di ẹyọ kan lọ́jọ́ tí ẹrù bá fúyẹ́, kí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn méjì tàbí mẹ́ta pawọ́ pọ̀ lo ọkọ̀ kan lọ sọ́nà jíjìn, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ní òfìfo máa gba ẹrù àwọn oníṣòwò lówó pọ́ọ́kú. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà lójoojúmọ́ mọ ibi tí owó ti ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí.

A fún àwọn aláṣẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti pè wá jókòó. A kò kéde ìyanṣẹ́lódì. Bí ọjọ́ náà bá pé tí a kò gbọ́ nǹkan, ẹgbẹ́ yóò tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tí Òfin Aáwọ̀ Iṣẹ́ là sílẹ̀: a ó wá onílàjà, a ó kọ̀wé sí mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́, a ó sì lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. A bẹ àwọn oníròyìn àti àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìtẹ̀wé tí à ń jọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n dúró tì wá.

Owó ẹgbẹ́ oṣù yìí yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gba ìwé ìdádúró, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí oníkálukú ní. Akápò yóò lẹ orúkọ àti iye mọ́ pátákó kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ìpàdé mìíràn yóò wáyé lọ́jọ́ tí ọjọ́ mẹ́rìnlá náà bá pé, níbi kan náà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí wọ́n dá dúró ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kí wọ́n wá.

Alága
Akọ̀wé
Akápò
Lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́