Ẹ̀rọ Amúlétutù Kọ́ Ni Ìdáhùn



Ẹni tó kọ̀wé pé kí ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní Ọ̀ṣun ra ẹ̀rọ amúlétutù bí ooru bá ń pọ̀ sí i kò ro owó iná mọ́ ọn, ká má tilẹ̀ sọ ti iná tí kì í dúró. Bí a ṣe ń kọ́lé ló yẹ ká tún ṣe: páànù tí kò ní àjà ń da ooru sílé lọ́sàn-án. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti pa látàárọ̀ ń tú tirẹ̀ jáde lóru. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ bí ọjọ́ kan pàtó ní 2050 yóò ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ ń fi ibi tí ooru ń lọ hàn, ìyẹn sì tó ayàwòrán ilé lò. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ìṣọ́ agbára lò nínú ilé jáde ní 2017. Kí ìjọba Ọ̀ṣun máa bèèrè rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí àwòrán ilé.