Ṣingọ́ọ̀mù Kì Í Mú Ẹnu Tó Wọ́ Tọ́

Bí ẹnu èèyàn bá ṣàdédé wọ́ sápá kan láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti di dókítà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tọ̀sán-tòru. Alábàágbé á ní kó máa fẹ́ bàlúùnù títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro ó. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fi ọwọ́ fa ẹnu náà padà sí àyè rẹ̀. Ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: pé iṣan ojú ló ya ọ̀lẹ, pé ẹni tó bá fi agídí lò ó ni ojú rẹ̀ yóò tètè tọ́. Irọ́ ni.

Àwọn tó ń sọ pé àjẹ́ ló gbá aláìsàn létí lójú oorun, n kò ní bá wọn jiyàn pẹ́. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó yẹ kí aláìsàn fi wá ìtọ́jú, ilé ààwẹ̀ àti ilé babaláwo ni wọ́n ń jẹ́ kó lò ó tán sí.

Charles Bell, oníṣègùn ará Scotland, ló ṣàlàyé iṣẹ́ nẹ́ẹ̀fù ojú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1821, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà ní Bell's palsy. Nẹ́ẹ̀fù ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá iṣan. Ti ojú máa ń gba inú ihò tóóró kan kọjá nínú egungun tó wà lẹ́bàá etí, kó tó tàn ká iwájú orí, ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn etí fi máa ń ro àwọn mìíràn kí ẹnu tó wọ́. Bí nẹ́ẹ̀fù náà bá wú nínú ihò yẹn, egungun kò ní gbà á láyè. Á há, àṣẹ kò sì ní kọjá mọ́. Iṣan kò ya ọ̀lẹ. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ṣingọ́ọ̀mù. Nẹ́ẹ̀fù méjìlá ni àwọn oníṣègùn kà ní apá kọ̀ọ̀kan orí. Ìkarùn-ún ló ń darí iṣan tí a fi ń jẹun, ìkeje ló ń darí èyí tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Ìkeje ló ṣàìsàn. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fi eyín kan eyín pinpin: iṣan tó le lábẹ́ ọwọ́ yín yẹn, kò sí ohun tó ṣe é lára ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́. Ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù kí ojú lè tọ́ ń fi ìrìn wo apá tó rọ.

Bàlúùnù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé òun kan iṣan tó yẹ, àmọ́ lọ́nà òdì. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ tagbára-tagbára, apá tó dá ṣáká ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́, tí yóò tún máa fa ẹnu sọ́dọ̀ ara rẹ̀ sí i. Nígbà tí nẹ́ẹ̀fù tó bàjẹ́ bá sì ń hù padà, ní nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́, òmíràn nínú ẹ̀ka rẹ̀ máa ń ṣìnà. Èyí tó yẹ kó lọ sí ètè á lọ sí ìpéǹpéjú. Ẹni náà á rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á pa dé; á máa jẹun, omi á máa dà lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ físíò tó mọ iṣẹ́ ojú fi ń kìlọ̀ nípa agídí.

“Ṣùgbọ́n àbúrò mi jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì tọ́.” Mo gbà. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Erik Peitersen ní Copenhagen fi ọdún 25 tọ ipasẹ̀ èèyàn 1,701 tí àìsàn yìí mú, láìfún wọn ní oògùn kankan. Nínú ọgọ́rùn-ún, 71 ni ojú wọn padà sípò pátápátá. Bí mẹ́wàá bá jẹ ṣingọ́ọ̀mù, bíi méje á gbádùn. Bí wọ́n bá jẹ obì, bíi méje náà ni.

Àwọn tó kù ni ká máa rò. Ní Scotland, wọ́n dán oògùn wò lára èèyàn 551, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2007. Láàárín wákàtí 72 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn tó ń jẹ́ prednisolone ni ara wọn ti dá. Nínú àwọn tí kò lò ó, bíi 82. Dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín o, ẹ má lọ dá rà á ní kẹ́míìsì: ó máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, àìsàn yìí sì máa ń mú àwọn alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíì lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí dókítà ní láti yà sọ́tọ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà lè kíyè sí i. Ẹ ní kí aláìsàn wòkè kí iwájú orí rẹ̀ hunjọ. Bí ó bá hunjọ ní apá méjèèjì tí ẹnu nìkan wọ́, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kò lágbára, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí, kí ẹ má sì fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò.

Níbi tí gbogbo wa ti ń wo ẹnu, ojú ló wà nínú ewu. Ìpéǹpéjú tí kò lè pa dé ń jẹ́ kí ẹyinjú gbẹ, kí eruku ọyẹ́ sì máa ha á, ó sì lè fọ́ pátápátá. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú kó lè máa tutù lọ́sàn-án, àti pílásítà tí wọ́n fi dì í lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì bá ṣe kọ́ wọn, wúlò ju gbogbo bàlúùnù ọjà lọ.

Eré ìdárayá ojú wà, n kò sọ pé kò sí. Àsìkò rẹ̀ ni ìgbà tí ojú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Iwájú dígí ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín díẹ̀ tí apá méjèèjì jọ ń rín. Bí apá tó le bá fẹ́ sáré, kí ìka dá a dúró. Bí ojú bá ń pa dé nígbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́, ẹ dín in kù. Èdè wa gan-an ní ohun èlò: “baba”, “gbogbo”, “pápá”, “màmá”, “fèrè”, gbogbo wọn ló ń pe ètè síṣẹ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò sí lára ohun tó bàjẹ́, ọ̀fun ló ń ṣe ìyẹn, ìdí nìyí tí a fi ṣì ń gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ. Ní ti ẹ̀rọ iná tí àwọn ibì kan ń gbé sójú, nígbà tí àwọn olùwádìí ará Brazil kó àwọn ìwádìí jọ ní 2011, wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ranni lọ́wọ́. N kò ní náwó mi lé e.

Ẹni tí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá lórí rẹ̀ tí ojú kò mì rárá, kó padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan mìíràn ló ń tẹ nẹ́ẹ̀fù náà.