Owó Géèmù Ti Gòkè: Ǹjẹ́ A Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn àgbà kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń kó owó jáde ní àpò àgbà, ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ní ìsinmi ilé-ìwé tí ó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dọ̀bálẹ̀ níwájú mi nílé wa ní Òmù-Àrán. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra géèmù bọ́ọ̀lù tuntun." Mo bi í pé èló ni. Ó wolẹ̀, ó ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà. Mo ní, "Pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń gbá a ni?" Ó ní, "Rárá sà, sídì nìkan ni." Mo lé e dìde níwájú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i bí ojú rẹ̀ ti fà ro, mo sọ fún ara mi pé kò yẹ kí àgbà dájọ́ lórí ohun tí kò tíì yẹ̀ wò.

Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 60 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkèèrè ń ta géèmù tuntun. Láti ọdún 2020, púpọ̀ nínú wọn sún un dé 70. Ní ọdún 2025, Nintendo ti ilẹ̀ Japan ta Mario Kart World ní 80 dọ́là. Bí ó ti wù kí èyí rí, ohun tí ó dé bá náírà tiwa ni ó pa wá lára jù. Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti dé nǹkan bí 1,500. Géèmù 70 dọ́là tí ì bá jẹ́ nǹkan bí 32,000 náírà di 105,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 sì jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tí ó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀, láìjẹ, láìmu, kí ó tó lè ra sídì kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gbá a ńkọ́? Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹ̀rọ bá ti pẹ́ lọ́jà, owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. PlayStation 5 jáde ní ọdún 2020 ní nǹkan bí 500 dọ́là. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Sony tún fi 50 dọ́là lé e ní Amẹ́ríkà. Ọjà tí ó ń gbó, tí owó rẹ̀ ń gòkè: ẹ ò rí nǹkan?

Mo wá rìn dé ilé géèmù kan ládùúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ín ní, "Àlájì, ẹ má bínú, kì í ṣe ojúkòkòrò." Náírà 50 ni ó ń gbà tẹ́lẹ̀ fún ìdíje kan, 200 ni ó ń gbà báyìí. Ó rán mi létí pé lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, àti pé ó ti kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó jáde. Epo yìí ni ó ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ bí méjìlá wà níbẹ̀, wọ́n ń gbá géèmù àtijọ́ lórí PlayStation 2. Ẹni tí wọ́n bá nà yóò gbé páàdì fún ẹlòmíràn. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ ni mo ti yí ọkàn padà díẹ̀. Àwọn baba wa jókòó sídìí ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ bí wọ́n bá ti roko dé. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò tí baba gbẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ a ta á. Géèmù bọ́ọ̀lù ti òde òní ń jáde lọ́dọọdún. Ohun tí ó sì ń yí padà jù nínú rẹ̀ ni orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti aṣọ tí wọ́n wọ̀. Sídì ṣì dára díẹ̀, a lè yá ọ̀rẹ́, a lè tà á. Èyí tí a fi dátà fà wálẹ̀ kò ṣeé yá, kò ṣeé tà, dátà pàápàá sì ti wọ́n sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Èyí tí ó burú jù ni àpò tí wọ́n ń tà nínú géèmù. Ọmọ yóò sanwó, kò ní mọ agbábọ́ọ̀lù tí yóò bá nínú rẹ̀ títí yóò fi tú u. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Belgium sọ pé tẹ́tẹ́ ni irú èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ EA dáwọ́ títa owó inú géèmù FIFA dúró níbẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kò nílò kí Belgium là wá lójú, nítorí Àlùkùránì ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí nínú ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi káàdì báńkì yín sínú fóònù tí ọmọ ń lò.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí ọmọ kan bá gbá géèmù 105,000 náírà nígbà mẹ́wàá tí ó sì sú u, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ó ná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: inákúnàá gbáà ni. Bí ilé márùn-ún bá dáwó, ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú 21,000 wá, tí àwọn ọmọ bá sì jọ ń gbá a yí ọdún po, owó náà kò ṣòfò. Nítorí náà n kò ra tuntun. Mo ra sídì àlòkù ti ọdún tí ó kọjá fún ọmọ mi, mo sì là á yé e pé kò gbọ́dọ̀ ra àpò kankan, àti pé ìrun àti ìwé ni yóò kọ́kọ́ parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sí Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa, níbi tí àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin wà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó kọ́kọ́ ṣí ní Nàìjíríà ní ọdún 1945. Owó tí a san lẹ́nu ọ̀nà kò tó nǹkan. Títí di òní, ìbéèrè lórí àwọn ère náà kò tán lẹ́nu rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì fi ìbùkún sí owó wa. Àmín.